Ọdún Tí Wọ́n Ní Kí N Má Ran Ìyá Àgbà Lọ́wọ́

Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìgbálẹ̀ Àǹtí Rẹ̀mí á ti máa dún lójúde, ṣàà, ṣàà, ṣàà, bí ẹni pé ewé máńgòrò ṣẹ̀ wọ́n. Garawa á bọ́ sínú kànga, gbòlà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá lẹ́yìn ògiri wa á wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kò sì ní sinmi títí di ọ̀sán, débi pé bí a bá fẹ́ kí ara wa kú àárọ̀, igbe la fi ń kí i. Mo ti wá gbà pé ẹ̀rọ yẹn ló kọ́ mi ní ariwo tí ọkọ mi fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ìró kan wà láàárín gbogbo wọn tí mo fẹ́ràn jù, òun ni ti Ìyá Àgbà bí wọ́n bá ń rin ewùrà fún ìkókoré. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á fi páànù tí a fi ìṣó lu ti orúnkún, apá ọ̀tún wọn á máa lọ, á máa bọ̀, kò yára, kò falẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, mo ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe gàrí tí a rẹ sómi lásán.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ìyá mi bí ìbejì l'Ékòó lọ́dún náà, yàrá tí a wà kò gbà wá mọ́, ni wọ́n bá fi mí ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú kí ọwọ́ wọn lè dilẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo sunkún nínú mọ́tò dé Odogbolu, ṣùgbọ́n nígbà tí a ó fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ebi ti gba ipò ẹkún. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé náà: Ìyá Àgbà, èmi, Àǹtí Rẹ̀mí tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, tí wọ́n ń ṣe tíṣà, àti Ìyá Ganíyù, aránṣọ ará Ìwó tó háyà yàrá méjì lẹ́yìn, tó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ti ń bá wa jà bí ẹbí. Òfin kan ló ṣáájú gbogbo òfin nílé Ìyá Àgbà: ọmọdé kì í jókòó kí àgbà máa ṣiṣẹ́. Bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ ti débẹ̀ ṣáájú tirẹ̀. Bí àgbà bá gbé ẹrù wọlé, kí o ti gbà á kí o tó dá a lóhùn. Mo kọ́ òfin náà kíákíá, nítorí ojú tí Ìyá Àgbà fi ń wo ọmọ tó bá gbàgbé rẹ̀ kò ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò ńlá kan ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó rọ̀ mọ́jú, ìdí kànga sì ń yọ̀ bí ilá. Àṣìṣe tèmi ni pé lálẹ́ àná rẹ̀, dípò kí n da èèpo ewùrà sí ààtàn bí wọ́n ṣe rán mi, ọ̀lẹ mú mi, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìyá Àgbà jáde wá láti fa omi ìwẹ̀, wọ́n tẹ èèpo, ẹsẹ̀ wọn lọ, wọ́n sì fi èjìká ọ̀tún lu etí kànga. Mo gbọ́ ìró kan tí n kò gbọ́ nílé wa rí, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná tí kò tíì gbẹ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Ojú wọn bọ́ sórí èèpo náà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí mi. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú mọ́ àyà, wọ́n ní, "Ṣadé, lọ pe Àǹtí rẹ. Má sáré, ilẹ̀ ń yọ̀."

Kí oòrùn tó mú, èjìká náà ti wú, ó sì ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá Ganíyù ní kí a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A lọ. Mo ti gbọ́ pé irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ máa ń fa eegun tí aláìsàn á fi ké gbàjarè, mo sì ti múra láti di etí mi méjèèjì. Bàbá náà kò fa nǹkan kan. Ó fi ìka mẹ́ta wá èjìká náà kiri, jẹ́jẹ́, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, ó wá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, bó bá jẹ́ àárín apá ni, mo lè fi igi dì í. Orí eegun ló ya kúrò lára ọrùn rẹ̀ yìí, nínú èjìká lọ́hùn-ún. Igi mi kò lè débẹ̀. Ẹ máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi irin tò ó." Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé pàdé láti ìgbà náà. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ ibi tí ìmọ̀ wọn parí sí tó bàbá yẹn.

Dókítà eegun tí a bá ní ilé ìwòsàn kò ju ọ̀dọ́kùnrin lọ, ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn Èkìtì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé fọ́tò eegun náà síwájú iná, ó ní kí gbogbo wa wá wò ó, èmi náà yọjú láti abẹ́ apá Àǹtí Rẹ̀mí. N kò rí nǹkan kan tó jọ Ìyá Àgbà níbẹ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì bò ó, ó ń yí i. "Orí eegun apá nìyí, Mama. Ihò èjìká tó ń yí nínú rẹ̀ nìyí. Tiyín ti fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, orí náà sì ti kọ ẹ̀yìn sí ara yòókù. Bí a bá kàn fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn, ó lè so, ṣùgbọ́n wíwọ́ ni yóò so, apá náà kò sì ní ga kọjá àyà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n ṣí i níwájú níbí, kí n to àwọn ègé náà padà sípò, kí n fi irin pẹlẹbẹ kan gbá wọn mú, kí n sì fi síkúrúù dè é."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Irin. Nínú ara mi. Ìgbà wo lo máa wá yọ ọ́?"

"Bí kò bá yọ yín lẹ́nu, a kì í yọ ọ́, Mama."

"Èmi àti irin la ó wá jọ lọ sọ́run nìyẹn?"

"Kò tíì yá, Mama. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá yín lò ó níbí."

Nígbà tí a délé, Ìyá Ganíyù tún mú tirẹ̀ wá. Ó ní àrá máa ń wá irin kiri, kí Ìyá Àgbà yáa gbà pé àwọn kò ní jáde nínú òjò mọ́ láyé. Àǹtí Rẹ̀mí bi í pé páànù tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé igi ni. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ìrora sì mú ẹ̀rín náà já láàárín. Ẹ̀rín tó já yẹn ni mo rò pé ó jẹ́ kí wọ́n gbà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín tán, kí ló tún kù tó ń bẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bọ̀dá Kọ́lá, wá láti Èkó láti fún ìyá wọn lẹ́jẹ̀. Èèyàn ńlá ni Bọ̀dá Kọ́lá, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá wọ yàrá, àga á bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà wọlé lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, gbogbo wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Àǹtí Rẹ̀mí ń ka Sáàmù láìṣí Bíbélì. Èmi ń ronú pé èèpo ewùrà ló máa pa ìyá tó bí ìyá mi, àti pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, n kò mọ ibi tí mo máa gbà padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ka òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ títí iye rẹ̀ fi dà rú mọ́ mi lójú. Nígbà tí dókítà jáde, tòun ti aṣọ aláwọ̀ ewé, ìbòmú ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. "Ó tò. Ó tò dáadáa. Mama ti ń jí." Bọ̀dá Kọ́lá dìde láti dọ̀bálẹ̀ fún un, dókítà tó lè jẹ́ àbúrò wọn sáré di èjìká wọn mú, ni Bọ̀dá Kọ́lá bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sunkún. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ní omi púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú. Ara mi fúyẹ́ lójijì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n kò lè dáwọ́ rẹ̀ dúró, títí nọ́ọ̀sì kan fi ní kí wọ́n mú mi jáde. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà sọ nígbà tí ojú wọn wálẹ̀ ni pé, ta ló ń fún adìẹ lóúnjẹ.

Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, dókítà ṣàlàyé ohun tí a máa ṣe nílé. Lójoojúmọ́ kí Mama bẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí apá náà rọ̀ dirodiro, kí wọ́n máa fì í lọ fì í bọ̀ bí ọmọ aago ara ògiri. Kí ẹnìkan máa bá wọn gbé e sókè, díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Rẹ̀mí kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n fi ìwé náà sínú Bíbélì, ibẹ̀ ló sì wà. Ta ló máa mi apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò? Gbogbo ẹni tó wá kí wa kú ewu ló ń kọ́kọ́ wo aṣọ tí a fi so apá náà mọ́ àyà, wọ́n á ní kò le tó, wọ́n á tún un so. Àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n so ó. Àwọn ìyá àdúgbò wá, wọ́n so ó. Ìyá Ganíyù tó mọ̀ nípa aṣọ ju gbogbo wọn lọ ṣe ọ̀já pàtàkì kan fún un, ó ní bọ́tìnnì mẹ́rin.

Iṣẹ́ tèmi wá ni oúnjẹ. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ òsì Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti fi jẹun. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣé a wá fẹ́ fi bu òkèlè ni? Wọn kò fi gba nǹkan, wọn kò fi fún àlejò ní nǹkan. Nítorí náà, èmi ni mò ń bu ìkókoré sí wọn lẹ́nu pẹ̀lú ṣíbí, èmi ni mò ń gbé ife omi sí wọn létè, èmi ni mò ń ya irun wọn tí mo sì ń dì í ní ìdì méjì tí kò dọ́gba. Mo ń ṣe é tọkàntọkàn, nítorí mo mọ ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀. Bí mo bá ti rí i tí wọ́n mira láti mú nǹkan, mo ti dé ibẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó yìí, ẹ̀kọ́ ilé ló jẹ yó. Ìyá Àgbà fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀, wọn á kàn la ẹnu lásán bí ọmọ ẹyẹ, wọn á máa wo ibòmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ya fọ́tò mìíràn, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní eegun ti ń so, irin náà wà ní ibi tó fi í sí. Ó wá tú ọ̀já oníbọ́tìnnì mẹ́rin náà, ó wo bọ́tìnnì wọ̀nyẹn pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ó ní, "Mama, ẹ gbé ọwọ́ sókè." Ìyá Àgbà gbé e. Gbogbo ara wọn ló tẹ̀ sí òsì, ọrùn wọn wọ́, èjìká gòkè lọ bá etí, ṣùgbọ́n apá náà kò kúrò lára ìhà ju ti adìẹ tó fẹ́ na ìyẹ́ lọ. Dókítà gbìyànjú láti bá wọn gbé e, Ìyá Àgbà ké. Ojú ọ̀dọ́kùnrin náà yí padà. Ó ní kò sóhun tó ṣe eegun, èjìká ló ń gan, àwọn iṣan inú rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra nítorí pé wọn kò ríṣẹ́ ṣe. Ó ní bó bá fi máa pẹ́ sí i báyìí, gbogbo ohun tí òun tò nínú ibẹ̀ á di iṣẹ́ àṣedànù. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ń bọ́ Mama?"

Mo na ọwọ́ sókè.

"O ń bá wọn gbé omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ń bá wọn ya irun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo ń retí kí ó yìn mí.

"Ìwọ lò ń ba apá wọn jẹ́."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo máa ba apá kan náà jẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Dókítà rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ kan fún ọ. Láti òní lọ, bí Mama bá ń fẹ́ omi, gbé ife sórí tábìlì, kí o lọ jókòó. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbé e sórí ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aṣọ wọn bá bọ́ sílẹ̀, má mú un. Bí wọ́n bá ń wá nǹkan, jẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ sí i fúnra wọn. Ṣé o gbọ́?"

"Ṣé kí n wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, sà?"

"Fún oṣù mẹ́ta péré."

Ìyá Àgbà ló dáhùn. "Dókítà, ọmọ Ìjẹ̀bú lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí o. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ta ló máa bá wa dá a dúró?"

Mo ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láyé. Mo ti dúró níwájú kíláàsì ọgọ́rin ọmọ láìní ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Kò sí èyí tó le tó kí n jókòó nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi bá ń na ọwọ́ sí ife omi. Ẹsẹ̀ mi á fẹ́ dìde fúnra rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú. Ife náà á mì, omi á dà sí wọn láyà, wọn á wò mí, èmi á wo òde. Títí dòní, bí ìyá ọkọ mi bá wá kí wa, bí wọ́n bá ní kí n jókòó, àwọn fẹ́ bu omi fúnra àwọn, mo máa ń jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi á láàgùn. Àwọn ará àdúgbò kò mọ̀ nípa òfin tuntun náà, àlàyé Àǹtí Rẹ̀mí kò sì wọ̀ wọ́n létí. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn lórí àga, tí arúgbó abirùn ń tiraka láti mú ṣálì rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyìn tí wọ́n ti fún mi, wọ́n gbà á padà tòun tèlé. Ìyá Ganíyù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó máa ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí n lè gbọ́: "Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí. Ká bí wọn, ká pọ̀n wọ́n. Hẹn."

Dókítà tún ní kí wọ́n dojú kọ ògiri lójoojúmọ́, kí wọ́n máa fi ìka rìn lọ sókè bí aláǹtakùn, ibi tí ọwọ́ bá sì dé, kí n fi èédú sàmì sí i. Ògiri pálọ̀ la lò. Àmì àkọ́kọ́ kò ga ju ọmú wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, ìlà á ga sí i ní ìbú ìka kan. Àǹtí Rẹ̀mí á ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi, Ìyá Àgbà á dáhùn pé irin kò sí lára ìgbín. Ní ọjọ́ kan, ọwọ́ náà dúró ní abẹ́ àmì ti àná. Wọ́n tún gbìyànjú, kò lọ. Wọ́n fi iwájú orí ti ògiri, mo sì rí i pé èjìká wọn méjèèjì ń mì. N kò rí ẹkún Ìyá Àgbà rí. Gbogbo ohun tó wà nínú mi fẹ́ sáré lọ dì wọ́n mú, kí n bá wọn wá aṣọ, kí n tún máa fi ṣíbí bọ́ wọn títí ayé. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ìyá Àgbà, èmi ni mo da èèpo yẹn síbẹ̀."

Wọn kò gbé orí kúrò lára ògiri. "Mo mọ̀."

"Ẹ máà bínú."

"Mo bínú. Mo ti bínú tán tipẹ́." Wọ́n fi ọwọ́ òsì nu ojú. "Ṣé o ti pa èédú yẹn mọ́ ni? Mú un wá. Mo tún fẹ́ lọ." Wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìka kan, ìka kejì. Àánú wọn ń ṣe mí, ṣùgbọ́n àyà mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òjò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ̀dá Kọ́lá yọ sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n bá mi níbi tí mo jókòó sí tí mò ń jẹ ẹ̀pà, tí ìyá wọn dúró lórí ìka ẹsẹ̀, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí ife omi lórí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ṣadé! Ìwọ lo jókòó!" Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ mi tán. Àǹtí Rẹ̀mí ṣàlàyé, Ìyá Àgbà ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Kọ́lá kàn ń mi orí. Wọ́n ní ohun tí àwọn fi ojú àwọn rí ti tó. "Mama, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi l'Ékòó. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kò ní gbé ṣíbí fúnra yín títí ayé yín." Wọ́n ti rò ó tán pátápátá: ayálégbé á gba iwájú ilé, Àǹtí Rẹ̀mí á wá yàrá sí ẹ̀bá ilé ìwé, èmi á padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí ju ìjà lọ. Gbogbo wa mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí apá náà nínú ilé tí wọn kò ti ní jẹ́ kó gbé ṣíbí. Ìyá Àgbà ló dá wọn lóhùn. "Ó dáa. Wá lọ́sẹ̀ Àjíǹde. Bí mo bá lè gbé ọwọ́ yìí kọjá orí ara mi, kí n fi wé gèlè mi láìpe ẹnikẹ́ni, n kò lọ síbì kankan. Bí n kò bá lè wé e, mo bá ọ lọ."

A ṣiṣẹ́ títí Àjíǹde bí ẹni tí ń dúró de ìdánwò. Ìlà èédú kọjá àgbọ̀n, ó kọjá imú. Ìyá Ganíyù tó ti wá lóye ọ̀rọ̀ náà wá bá mi sọ̀rọ̀ padà, òun náà sì di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ó ń fi nǹkan kọ́ òkè fún Ìyá Àgbà kiri inú ilé. Nígbà tí mọ́tò Bọ̀dá Kọ́lá dún lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Àgbà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí gbogbo wa dúró síbi tí wọ́n ti lè rí wa, wọ́n mú gèlè. Apá náà gòkè, ó dé ẹ̀gbẹ́ etí, ó dúró. Wọ́n tún gbìyànjú, gèlè yọ̀ bọ́ láti ẹ̀yìn orí, ó ká sí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un. Wọ́n gbìyànjú ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tún bọ́. Bọ̀dá Kọ́lá yí ojú síbòmíràn. "Mo ti gbìyànjú," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn wọn sì kéré. "Kọ́lá, máa gbé àpótí aṣọ mi jáde. Ṣadé, lọ bá mi mú ẹja gbígbẹ tó wà lórí àjà, kí a má lọ bá ìyàwó Bọ̀dá rẹ lọ́wọ́ òfo."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, áńbọ̀sìbọ́sí àjà ilé ìdáná. Mo dojú odó délẹ̀, mo gun orí rẹ̀, mo fa agbọ̀n ẹja náà sọ́dọ̀ ara mi. Mò ń sunkún gan-an, n kò ní purọ́. Mò ń sunkún ilé náà, kànga, ẹ̀rọ gbágùúdá, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn ẹja tí èéfín ti rin gbingbin ń wọ imú mi, ẹkún kò sì dí ẹnu. Mo kán ìrù kan jẹ. Mo kán ìkejì. Orí ẹja odidi kan ló wà lẹ́nu mi nígbà tí Ìyá Àgbà wọlé wá láti wo ohun tó pẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, n kò ní kọ ọ́ síbí, ìbínú ní èdè Ìjẹ̀bú kì í gbà kí a fi bírò mú un. Mo kàn rí i pé ẹnìkan ti gbá mi létí òsì mú lókè lọ́hùn-ún, ó sì fà á.

Ó dùn mí wọ egungun. Mo dúró lórí odó, Ìyá Àgbà dúró nílẹ̀, orí mi sì ga ju tiwọn lọ dáadáa. Ọwọ́ òsì wọn di ẹnu ìlẹ̀kùn mú. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ òsì náà, mo wá fi ojú tọ apá kejì láti èjìká wọn, níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ ti yọ jáde nínú ọrùn bùbá, mo tọ̀ ọ́ gòkè, ó kọjá imú wọn, ó kọjá iwájú orí wọn, títí ó fi dé etí mi. Ìyá Àgbà náà wò ó. Wọn kò jẹ́ kí etí náà lọ. "Ṣadé," wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí adìẹ bà lé lọ́wọ́, "ọwọ́ wo nìyí?"

"Ọ̀tún ni, mà."

Igbe tí wọ́n ké, ẹ̀rọ gbágùúdá kò lè bò ó mọ́lẹ̀. Àǹtí Rẹ̀mí sáré wọlé, wọ́n rí i, wọ́n fò sókè, wọ́n dì mọ́ Ìyá Ganíyù, àwọn méjèèjì ń jó láìsí ìlù. Bọ̀dá Kọ́lá ló dé kẹ́yìn, àpótí ṣì wà lọ́wọ́ wọn, àyọ̀ ti jẹ́ kí Ìyá Àgbà sọ apá náà kalẹ̀, èmi náà sì ti bọ́ sílẹ̀, mò ń fọwọ́ ra etí mi. Wọ́n ní kí ló dé, gbogbo wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo àjà, wọ́n wò mí. "Mama, èmi kò rí i."

Ìyá Àgbà ká ọwọ́ bùbá ọ̀tún sókè.

"Gbé àpótí yẹn sílẹ̀, Kọ́lá, kí o wò ó dáadáa. Ṣadé, padà sórí odó. Gbé etí kejì wá."

Mo gun orí odó, mo yí etí ọ̀tún sí wọn, mo sì dúró gbọn-in, kí ọwọ́ náà lè rí ibi mú.